Ìwé ìtàn àròsọ wo ló wà lọ́wọ́ yín? Ojú ewé kọkànlá ni mo há sí

Aránṣọ Ìta-Ẹlẹ́wà (Ìkòròdú):

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni mò ń ṣe níhìn-ín ní Ìkòròdú. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti pinnu pé tí iná bá ti lọ, tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ìwé Yorùbá ni màá máa kà dípò kí n máa yí fóònù lójú. Lóṣù tó kọjá, mo ra Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù ní Sábó. Èèpo ìwé náà ti já, ewé rẹ̀ ti pọ́n bí ohun tí wọ́n rẹ sínú tíì, ẹnì kan tó ti ni ín rí sì ti fi bírò kọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́. Kí n tó ṣí i ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Àmọ́ ojú ewé kọkànlá ni mo wà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, yóò gùn títí, nígbà tí màá fi dé ìparí rẹ̀ mo ti gbàgbé ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ náà kò jọ ti iléèwé wa: "enia", "aiye", "obirin". Àwọn lẹ́tà kan tún wà tí wọ́n fi nǹkan bí ejò kékeré lé lórí. Ó ń dùn mí, torí ìtàn tí màmá mi máa ń sọ fún wa lálẹ́ ló wà nínú ìwé yìí, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹnu ẹlòmíì nìkan ni màá ti gbọ́ ọ.

Ìwé wo lẹ̀yin ń kà lọ́wọ́, báwo lẹ sì ṣe ń kà á tó fi ń tán? Ṣé kí n gbé èyí tì ná, kí n mú èyí tó rọrùn, àbí kí n forí tì í? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ìparí ìtàn fún ẹni tí kò tíì kà á.

Tíṣà Yorùbá (Ẹ̀pẹ́):

Ẹ kú iṣẹ́ o, aránṣọ wa. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi rárá. Ọdún 1938 ni ìwé yẹn kọ́kọ́ jáde, ilé ìtẹ̀wé CMS ló tẹ̀ ẹ́, Nelson sì tún un tẹ̀ ní 1950. Àkọtọ́ tí wọ́n fi kọ́ yín níléèwé, 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí i. Ẹ rí i pé ìwé náà ti dàgbà kí ọ̀nà tí à ń gbà kọ Yorùbá lónìí tó dé. Àwọn kan ti tún un tẹ̀ ní àkọtọ́ tuntun, ṣùgbọ́n ògbólógbòó ló bọ́ sí yín lọ́wọ́.

Ejò kékeré tí ẹ rí yẹn ń sọ fún yín pé ẹ fa fáwẹ́lì náà gùn ni. "Dãda" ni "dáadáa", "õtọ" ni "òótọ́". "Aiye" ni "ayé", "ẹiyẹ" ni "ẹyẹ", "enia" ni "ènìyàn", "obirin" ni "obìnrin", "ọkọnrin" ni "ọkùnrin". Tí ẹ bá rí "nwọn", "wọ́n" ni, "on" sì ni "òun". Ẹ gé páálí kékeré kan, ẹ kọ wọ́n sórí rẹ̀, òun náà ni kẹ́ ẹ máa fi sójú ibi tẹ́ ẹ kà dé. Ọmọ iléèwé mi kan ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó tó ka ogún ojú ewé, kò wo páálí náà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan: báwo lẹ ṣe ń pe orúkọ akọni inú ìwé náà?

Aránṣọ Ìta-Ẹlẹ́wà:

Ẹ ṣé gan-an ni, Tíṣà. Àkàrà-Ogun ni mò ń pè é. Mo rò pé jagunjagun ni.

Tíṣà Yorùbá (Ẹ̀pẹ́):

Mo fura sí i. Àkàrà-Oògùn ni! Oògùn ìṣègùn, oògùn ìbílẹ̀. Ọdẹ tó lóògùn gan-an ni bàbá tó bí i, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ àjẹ́. Tí ẹ bá ń pè é ní ogun, gbogbo ohun tó ń ṣe nínú igbó ni yóò máa rú yín lójú. Ẹ ó máa retí idà, òun á máa pe ọfọ̀. Ẹ padà sí ojú ewé àkọ́kọ́ pẹ̀lú orúkọ yẹn, kẹ́ ẹ wò ó.

Èrò Mile 12 (Agric, Ìkòròdú):

Ọ̀rọ̀ Tíṣà dára, àmọ́ ìmọ̀ràn tèmi yàtọ̀. Ẹ gbé Fágúnwà sílẹ̀ fún oṣù kan. Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ló wà lọ́wọ́ mi, 1969 ló jáde. Lápàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, ló ń tọpa àwọn ọ̀daràn kiri, òun àti Tàfá Ìgíripá. Gbólóhùn inú rẹ̀ kúrú, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn ibẹ̀ sì dà bí ẹni pé ẹ jókòó sí gáréèjì Ìbàdàn tí ẹ ń gbọ́ wọn. Agric ni mo ti ń wọ ọkọ̀ BRT ní ìdájí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó lọ, Ketu ló yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀, Màrílàńdì ni mo bá ara mi. Mo sáré sọdá, mo tún wọ ọkọ̀ padà. N kò tíì ríwèé tó ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí láti kékeré.

Tí ẹ bá ka èyí tán, Lápàdé tún wà nínú Àgbàlagbà Akàn, tó jáde ní 1971. Ẹ kà wọ́n tẹ̀ léra. Ojú tó bá ti mọ Yorùbá kíkà dáadáa ni yóò lè bá Fágúnwà rìn.

Ìyá Aláṣọ (Ìkòròdú):

Ẹ kú àwùjọ o. Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá lèmi ń kà. Ìwé náà ti wà láti 1974, ṣùgbọ́n aṣọ ló mú mi dé ìdí rẹ̀. Ní 1997 tí Túndé Kèlání fi ìwé yẹn ṣe fíìmù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsọ̀ lọ́jà ni. Oníbàárà yóò wọlé, kò ní dárúkọ léèsì tàbí àǹkárá, á ní, "Màámi, òleku ni mò ń wá." Ìró kúkúrú tó mọ sí orúnkún pẹ̀lú bùbá ọlọ́wọ́ péńpé. Àṣà ìgbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa àgbà jẹ́ ọmọge ni, fíìmù yẹn ló jí i dìde. Mo tà á títí mo fi ra ilẹ̀ nídìí rẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé ìwé kan wà níbi kan tí wọ́n ti mú orúkọ náà. Ọmọ mi tó ń kàwé ní yunifásítì ló mú un wálé lọ́dún yìí, tó ní, "Ìyá, ẹ wá wo orísun owó iléèwé wa."

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Ìṣọ̀lá ń kọ ìwé bí ẹni ń sọ̀rọ̀ létí yín. Àjàní ń kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ ń dá a lágara pé kó mú ìyàwó wálé, ọmọge mẹ́ta sì wà níwájú rẹ̀: Àṣàkẹ́, Lọlá, Ṣadé. Àánú Àjàní ń ṣe mí. Ọmọkùnrin tí ìyá bá tì báyìí, níbo ni kó yà sí?

Akẹ́kọ̀ọ́ (Odòngùnyàn):

Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi, mi ò lè bá yín káàánú Àjàní. Ẹ padà síbi tó ti ń bá Àṣàkẹ́ sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ wá wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń ṣe nígbà tó bá rí Lọlá. Ìyá rẹ̀ ní kó mú ìyàwó wá, kò ní kó máa pa ọkàn ọmọ ọlọ́mọ kiri. Ohun tó tilẹ̀ jẹ́ kí ìwé náà dùn mọ́ mi ni pé Ìṣọ̀lá kò bá wa dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó kàn gbé ọmọkùnrin náà síwájú wa pẹ̀lú gbogbo ìyè méjì rẹ̀. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta jiyàn lórí rẹ̀, kò sí èyí tó gbà fún ìkejì.

Ìyá Aláṣọ:

Ọmọ mi, o sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ọmọbìnrin nílé ló yẹ kó ti ronú bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ. Màá tún un kà láti ibi tí Ṣadé ti wọlé, màá padà wá jẹ́ ọ lóhùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ (Odòngùnyàn):

Ẹ ṣeun, mà. Aránṣọ wa, ìmọ̀ràn kan ni mo ní lórí Fágúnwà: ibi tó bá ti dá ìtàn dúró tó ń gba èèyàn níyànjú, ẹ fò ó. Ìtàn ni kẹ́ ẹ máa lé. Ẹ lè padà síbi ìyànjú náà nígbà tẹ́ ẹ bá kà á tán.

Tíṣà Yorùbá (Ẹ̀pẹ́):

Rárá o, mi ò fara mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ó ń mú ọ̀dọ́ sú. Tíṣà ni Fágúnwà, ó kọ́ àwọn ọmọ ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, ohùn tíṣà sì wà nínú gbogbo ìwé rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí òun fúnra rẹ̀ ṣe tò ó. Nígbà tí àwọn ọdẹ inú ìwé náà dé Òkè Lángbòdó (ìparí kọ́ ni mo sọ yìí o, ẹ fọkàn balẹ̀), Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n tó gbà wọ́n níyànjú níbẹ̀, kò kó gbogbo ọ̀rọ̀ dà sí wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Yàrá méje ló wà nínú ilé, ọjọ́ méje ló fi gbà wọ́n lálejò, ọjọ́ kan, yàrá kan. Ẹ ṣe bí àwọn ọdẹ yẹn ti ṣe: ẹ ka ti ọjọ́ kan, ẹ pa ìwé dé, ẹ lọ sùn. Ẹni tó bá fo ibẹ̀ ti rìn gbogbo ìrìn àjò náà láìwọ ilé tí wọ́n torí rẹ̀ rìn ín.

Ọmọ Ẹ̀bá Òkun (Àgbádárìgì):

Ẹ kú o. Èdè Ògù ni wọ́n ń sọ nílé wa, iléèwé àti ọjà ni mo ti kọ́ Yorùbá, torí náà mo máa ń kà díẹ̀díẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá, èyí tí Karin Barber tún gbé jáde ní 2012, tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jọ wà nínú rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ kan bá ṣú mi lójú, màá wo ti Gẹ̀ẹ́sì, màá sì tún padà.

Èyí ṣáájú Fágúnwà. Ní 1929 ló bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bí lẹ́tà tí obìnrin kan tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀ ń kọ sí olóòtú, tó ń ka ìgbésí ayé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin Èkó nígbà èwe rẹ̀. Àwọn tó ń kà á nígbà náà gbà pé ẹ̀dá alààyè ni Ṣẹ̀gilọlá, wọ́n ń kọ̀wé nípa rẹ̀ sí ìwé ìròyìn náà. Ó di ìwé ní 1930. Olóòtú fúnra rẹ̀, I. B. Thomas, ló ń kọ gbogbo rẹ̀! Nígbà tí mo mọ èyí, mo pa ìwé náà dé, mo jókòó sójú kan. Ọkùnrin ló gba ohùn obìnrin sọ̀rọ̀ tí gbogbo Èkó fi káàánú rẹ̀.

Bí mo ṣe ń kà á nìyí, bóyá yóò ran ẹnì kan lọ́wọ́: lẹ́tà kan ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń jáde léraléra fún wọn nígbà náà ni, wọn kò rí gbogbo rẹ̀ kà pa pọ̀. Mo ti gbìyànjú láti ka mẹ́rin lọ́jọ́ kan, ó sú mi, ẹkún rẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí mo fi sí alẹ́ Sátidé nìkan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí Sátidé. Àwọn orin ìgbà náà wà nínú rẹ̀, mo máa ń kọ wọ́n ní ohùn tí mo bá rò pé ó bá a mu.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ (Ẹ̀pẹ́):

Ọ̀rọ̀ orin tí ẹ sọ yìí ló jẹ́ kí n dá sí i. Ojú bàbá mi kò ríran dáadáa mọ́, gùlákómà ló bà á jẹ́. Ní àwọn alẹ́ tí mi ò bá sí níbi iṣẹ́, tó bá ti kírun Iṣáì tán, á jókòó sórí bùsù rẹ̀, á ní, "Mú ìwé wá." Igbó Olódùmarè ti Fágúnwà náà là ń kà báyìí, èyí tó jáde ní 1949. Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-Oògùn, ló ni ìtàn ibẹ̀.

Nígbà tá a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ń kà á bí mo ṣe ń kàwé níléèwé nọ́ọ̀sì, wàrà-wàrà, ohùn kan náà. A dé ibi tí Olówó-ayé ti pàdé Èṣù-kékeré-òde, tí àwọn méjèèjì ń fọ́nnu síra wọn kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà. Bàbá mi gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Dúró ná. Ṣé aláìsàn lò ń ka káàdì fún ni? Ẹni yìí ń halẹ̀! Padà sẹ́yìn, kó o halẹ̀." Mo padà. Ojú kọ́kọ́ tì mí. Mo gbé ohùn sókè, mo fa ọ̀rọ̀ níbi tó yẹ kí n fà á, mo mí níbi tí kọ́mà wà. Ẹ̀yin èèyàn, gbólóhùn tó ti gùn bí òkun lójú mi wá di kéékèèké ní ẹnu mi. Ìlù wà nínú rẹ̀, ojú ni kò gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dé àárín, bàbá mi ti ń bá mi parí rẹ̀, torí wọ́n ti ka ìwé náà ní kékeré. Ọmọ àbúrò mi méjì tó wà níwájú tẹlifíṣàn dìde, wọ́n wá jókòó tì wá.

Bàbá mi ló tún sọ fún mi pé kí n wo bí ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀: Àkàrà-Oògùn kò kọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó ń sọ ọ́ ni, ẹlòmíì ló jókòó tì í tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tó fi di ọjọ́ kejì àwọn ará àdúgbò ti wá gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Àǹtí Aránṣọ, ẹ má gbé e tì. Ẹ kà á síta.

Èrò Mile 12:

Èyí wọ̀ mí lára ju tèmi lọ. Mo ti fà ìmọ̀ràn mi sẹ́yìn díẹ̀. Àmọ́ kò ṣeé ṣe nínú BRT o, wọ́n á ní kí n sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Aláṣọ:

Níbo lẹ ti ń rí ìwé wọ̀nyí rà? Mo fẹ́ ra Ogún Ọmọdé, ti Ìṣọ̀lá kan náà.

Tíṣà Yorùbá (Ẹ̀pẹ́):

Ẹ wo àwọn ṣọ́ọ̀bù ìwé iléèwé nígbà tí àwọn ọmọ bá fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án, torí wọ́n máa ń kó ìwé lítíréṣọ̀ Yorùbá wọlé nígbà náà. Bí ó bá di oṣù kejìlá, ẹ lè má rí ẹyọ kan. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà ojú ewé. Ayédèrú pọ̀. Mo ra Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìtàn àwọn tó ń sin Olúmokò, tí Àjàyí dìde pé ìsìn náà tó. Nígbà tí mo dé ibi tí ara mi ti ń gbóná, ojú ewé mẹ́rìndínlógún kò sí níbẹ̀, inú ìwé kàn fò kọjá. Nínú ayédèrú, àmì ohùn náà á ti pòórá tàbí kó bọ́ sórí lẹ́tà mìíràn. Tí ẹ bá rí i pé inki rẹ̀ ń yí mọ́ ìka yín, ẹ dá a padà.

Ẹ má sì gba èyí tí wọ́n yà sórí fóònù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri. Fálétí kú ní 2017, Ìṣọ̀lá ní 2018, Òkédìjí ní 2019. Àwọn ọmọ wọn wà láyé, owó ìwé tòótọ́ nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Aránṣọ Ìta-Ẹlẹ́wà:

Ẹ kú àtijọ́ o. Ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ rèé. Mo ti ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Páálí ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ìdí àǹkárá tí mo gé kù ni mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà tètè ya. Lẹ́yìn náà, mo padà sí ojú ewé kìn-ín-ní pẹ̀lú Àkàrà-Oògùn, kì í ṣe Ogun, gbogbo rẹ̀ sì yí padà lójú mi bí Tíṣà ṣe wí.

Ṣùgbọ́n ti Nọ́ọ̀sì ló ṣe é. Iná lọ lọ́jọ́ Ajé ní nǹkan bí aago méjì, jẹnẹrétọ̀ kò ní epo. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta jókòó, wọ́n ń tú ojú abẹ́rẹ́ ìró kan tí a rán ṣì. Mo ní kí wọ́n má dáwọ́ dúró, mo mú ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á síta. Mo kọ́kọ́ ń tì, ahọ́n mi ń kọ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé kò sí ẹni tó ń ja òwú mọ́. Mo gbójú sókè, àbúrò tó kéré jù nínú wọn ti fi abẹ́rẹ́ tó fi ń tú u sí ẹnu, ìró wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má dúró níbẹ̀. Kí ló ṣe?" Oníbàárà kan tó wá mú aṣọ jókòó sórí àpótí, kò béèrè aṣọ. Nígbà tí iná dé, àwọn ni wọ́n ní kí n má tan ẹ̀rọ.

A ti wà ní ojú ewé àádọ́ta lé méje. Gbogbo ọjọ́ ní aago mẹ́rin là ń kà á báyìí, bí iná wà o, bí kò sí o. Mo gba ìwé náà lọ sílé lọ́jọ́ kan, èmi nìkan, mo fẹ́ kà á ṣíwájú wọn. Mi ò lè ṣe é. Ó dà bí ẹni pé mo fẹ́ jẹun tì wọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́, a fẹ́ tẹ̀ lé ìmọ̀ràn rẹ níbì kan: a fẹ́ fo ìyànjú kan. Ọmọ iṣẹ́ mi tó dàgbà jù ló kọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí kò gbọ́ràn yẹn, kí n tún un kà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè kan ló kù. Wọ́n ti ń bi mí pé èwo la máa kà tẹ̀ lé e. Ta ló ní Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, ti Fágúnwà kan náà, tí mo lè yá? Màá fi báàgì dì í, kò sì ní sùn sí ṣọ́ọ̀bù.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ (Ẹ̀pẹ́):

Bàbá mi ní i. Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní kí ẹ wá mú un fúnra yín ní Ẹ̀pẹ́, kẹ́ ẹ sì mú ọmọ tó fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu yẹn dání, kó wá ka ojú ewé kan fún àwọn. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá dé gáréèjì, ẹ pè mí.